Bí Mo Ṣe Fẹ́ẹ́ Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Àṣírí ní Mẹ́kà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ilẹ̀ mímọ́. Ó ti pẹ́, láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni. Àlàájì mi, ìyẹn ọkọ mi, nìkan ni mo sọ ọ́ fún látìgbà náà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa bi mí bóyá kí òun wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àṣírí orúkọ Ọlọ́run. Ó ní olùkọ́ ibẹ̀ mọ ohun tí òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní kó jókòó.

Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, ní ọsibítù kan ní Jẹ́dà. Ẹnjiníà ni Àlàájì mi. Iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ló gbé àwa méjèèjì débẹ̀, àdúgbò Ṣàràfíyà la sì ń gbé, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àjèjì, níbi tí èèyàn ti lè gbọ́ èdè mẹ́fà kó tó ra búrẹ́dì tán. Alihamdulilahi, iṣẹ́ dára. Mẹ́kà ò ju ìrìn wákàtí kan lọ nínú ọkọ̀. Kí lèèyàn tún ń wá?

Ọmọ ni.

A ti ṣe ìgbéyàwó fún ọdún méje. Mo lóyún lẹ́ẹ̀kan, ó pé oṣù mẹ́jọ, ọmọ náà sì kú sínú mi. Ọkùnrin ni. Àlàájì mi sọ ọ́ ní Abudulakíìmù kí wọ́n tó lọ sin ín. A ò kọ orúkọ yẹn sínú ìwé kankan. Àwa mẹ́ta péré la mọ̀ ọ́n: èmi, ọkọ mi, àti Àlàájà Múíbátù.

Ta ni Àlàájà Múíbátù? Ìyàwó dókítà kan ni, ọmọ ilẹ̀ wa, wọ́n ń gbé ní àdúgbò Bàgídádíyà, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti dé Jẹ́dà. Àlàájà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ná ọjà lédè àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ yẹn kú, àwọn ló gbé omi gbígbóná wọlé, tí wọ́n fi aṣọ jó mi níkùn bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ. Gbogbo ohun tó wà nínú mi ni mo sọ fún wọn. Ṣé èèyàn lè fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tó ti rí i níhòòhò ẹkún?

Lẹ́yìn èyí ni dókítà rí ìju, ìyẹn fáíbírọ́ìdì, nínú ilé-ọmọ mi. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Kọ́ńtíráàtì mi ti ń lọ sópin, a sì máa padà sílé lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, nítorí náà wọ́n yára fún mi lọ́jọ́: ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá. Ẹ̀rù abẹ ń bà mí, èmi tí mo ń gbé abẹ fún dókítà lójoojúmọ́!

Àsìkò yìí ni Àlàájà sọ fún mi nípa Ṣéù kan ní Mẹ́kà. Wọ́n ní ọmọ Yorùbá ni, pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, pé ó ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí ò sí pátákó níwájú rẹ̀, tí wọ́n ti ń kọ́ àṣírí orúkọ Ọlọ́run. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gbà, pé lọ́jọ́ tó rí àṣírí tàwọn, ńṣe ni àwọn ṣubú lulẹ̀. Wọ́n tún ní kí n má sọ fún Àlàájì mi, nítorí pé ìjọba ibẹ̀ kì í fojú rere wo irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má lọ kó wọn sí wàhálà.

Ẹ wò ó, kò yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé wáàsí àwọn obìnrin ni.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, tí í ṣe ìsinmi níbẹ̀ nígbà náà, Àlàájì mi fi ọkọ̀ gbé èmi àti Àlàájà lọ sí Mẹ́kà. Àlàájì mi gba Mọ́sálásí Mímọ́ lọ, àwa gba ilé Ṣéù. Obìnrin bí mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, Yorùbá ni gbogbo wọn, aṣọ ìkélé sì wà láàárín àwa àti Ṣéù. Ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Ohùn tó tutù, tó dùn.

Ó gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ:

“Àlejò kan wà láàárín yín lónìí. Ó ń gbé orúkọ ọmọ kan kiri láyà rẹ̀. Abudulakíìmù.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣubú lulẹ̀. Mo sunkún débi pé ìbòrí mi tutù. Àwọn obìnrin yòókù ń ké Allahu akbar lé mi lórí. Àlàájà Múíbátù dì mí mú. Ṣé ẹ gbà gbọ́ pé kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹni tó dì mí mú yẹn mọ orúkọ náà? Kò wá sí mi lọ́kàn. Bí ẹni tó ń pòùngbẹ bá rí omi, ṣé ó máa ń wo agbè tí wọ́n fi bù ú?

Ṣéù ní òun lè gbà mí. Màá wá gba ọwọ́ májẹ̀mú, màá sì wọ ìdágbé ogójì ọjọ́, kí n dá wà pẹ̀lú àdúrà nìkan. Ṣùgbọ́n irin kò gbọdọ̀ kan ara mi. Ó ní ara tí abẹ bá ti là, àṣírí kì í gbé inú rẹ̀.

Ìyẹn ni pé kí n fagi lé iṣẹ́ abẹ náà. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, kọ́ńtíráàtì á parí, a ó sì padà sílé pẹ̀lú ìju nínú mi.

Mi ò kàn fò wọ̀ ọ́ o. Mo gbìyànjú láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àfáà tó kọ́ wa ní kéwú ní Ìwó máa ń sọ fún wa pé kí ẹ tó jókòó níwájú ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè ẹni tí òun náà jókòó níwájú rẹ̀. Bí àwọn náà bá ń kọ́ wa, wọ́n á ka orúkọ olùkọ́ wọn, olùkọ́ olùkọ́ wọn, títí tí a ó fi máa tòògbé. Mo wá rán Àlàájà sí Ṣéù pé ta ló kọ́ ọ. Èsì tó dé ni pé kò sí èèyàn láàárín: ojú àlá ni wọ́n ti kọ́ òun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káábà. Àlàájà fi mí rẹ́rìn-ín pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé wàá ní kí áńgẹ́lì mú sátífíkéètì wá ni?” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó sì yẹ kí n ti padà níbẹ̀.

Mo kí ìrun ìsítíhárà, kí Ọlọ́run fi ọ̀nà hàn mí. Ọkàn mi fà sí ọ̀dọ̀ Ṣéù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá ọmọ rí, ṣé ọkàn yín kò ní fà síbẹ̀? Ìfẹ́ inú ara mi ni mo gbọ́, mo sì pè é ní ìdáhùn Ọlọ́run. Kí Ọlọ́run forí jì mí.

Mo kọ lẹ́tà sí dókítà pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò. Mo fi sínú báàgì mi. Mo ní bí mo bá ti gba májẹ̀mú tán, màá fi í sílẹ̀ lọ́sibítù láàárọ̀ Sátidé.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìrun Alaásárì, a tún wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń fi orúkọ èèyàn àti orúkọ ìyá rẹ̀ ṣe ìṣirò, nítorí pé lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iyì Ṣéù tiwa ni pé kì í béèrè orúkọ ìyá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní Ọlọ́run ló máa ń fi hàn án.

Ó gbóhùn sókè, ó pe orúkọ mi: “Sídíkátù, ọmọ Salámátù.”

Allahu akbar! Ilé kún fún ariwo. Àlàájà Múíbátù fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Èmi ò lè ké.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Salámátù ni orúkọ ìyá mi. Àwọn ló pọ̀n mí, àwọn ló rán mi ní kéwú, àwọn ló dúró fún mi nígbà ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló bí mi. Ìyàwó kékeré bàbá mi ló bí mi, ó sì kú ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ìyá mi Salámátù, ìyálé rẹ̀, gbé mi sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, wọn ò sì sọ̀ mí mọ́. Nílé wa, a kì í ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Ta ni yóò dúró níta tí yóò máa wí pé èyí ló bí mi, èyí ló tọ́ mi? Ìyá ni ìyá. Nítorí náà, nígbà tí Àlàájà bi mí lórúkọ ìyá mi lọ́jọ́ kan ṣáájú, ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayé ni mo sọ fún wọn.

Rábíátù ni ẹni tó bí mi ń jẹ́. Ṣé Ọlọ́run kò mọ̀ ọ́n ni?

Mo bi Ṣéù láti ẹ̀yìn aṣọ bóyá Ọlọ́run ló fi orúkọ yẹn hàn án. Ó ní ta ló tún lè fi í han òun. Mo dìde. Mo ní inú ń run mí, mo sì jáde.

Àlàájà sáré tẹ̀lé mi. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹ̀sùbáà, níbi tí Àlàájì mi ti máa ń wá gbé wa. Mo ní, “Àlàájà, ẹ̀yin lẹ sọ orúkọ ìyá mi fún un.”

Wọn ò jiyàn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

“Àbúrò mi, gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Ẹni tó bá mú èèyàn wá ló máa ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣíwájú, kí Ṣéù lè fi ṣàdúrà. Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ ni.”

“Ti Abudulakíìmù náà ńkọ́?”

Wọ́n wo ilẹ̀.

Mo wá bi wọ́n pé, “Lọ́jọ́ tó rí tiyín, tí ẹ̀yin náà ṣubú lulẹ̀, ta ló mú yín wá síbẹ̀?”

Mo rí i tí ojú wọn ń yí padà, bí ẹni tó ń ka nǹkan tí kò kà rí. Wọ́n fa ìbòrí wọn bo ẹnu. Títí tí ọkọ̀ Àlàájì mi fi dé, tí a fi dé Jẹ́dà, wọn ò ṣí i.

Lálẹ́ yẹn mo fi lẹ́tà náà lé ọkọ mi lọ́wọ́, mo sì jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn fi oríkì pè mí, wọ́n ní, “Àdùkẹ́, èmi náà ni mo ń wa ọkọ̀ gbé ọ lọ fún un.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Mo ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọlọ́run ṣe é, ọdún kejì tí a padà sílé, mo bí ọmọbìnrin. Ọpẹ́ ni fún Ọba tí kì í rán ẹnikẹ́ni lọ béèrè orúkọ ìyá wa.

Ìyá mi Salámátù fúnra wọn ló gbé e, tí wọ́n ní Rábíátù ni yóò máa jẹ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn.

Àlàájà Múíbátù kọ lẹ́tà ìkíni láti Bàgídádíyà. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn náà ti kúrò lọ́dọ̀ Ṣéù. Ní ìparí lẹ́tà náà, wọ́n béèrè pé: “Rábíátù tiwa yìí, orúkọ ta lẹ sọ ọ́?”

Mo ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò dá wọn lóhùn.

Ohun tí mo sọ fún ọmọbìnrin àsàlátù wa náà ni mo ń sọ fún yín. Kí ẹ tó fọwọ́ sínú ọwọ́ olùkọ́ kankan, ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má sọ fún ará ilé yín, ilé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí ó bá sì mọ àṣírí yín, kí ẹ tó ké Allahu akbar, ẹ fara balẹ̀ ka iye èèyàn tí ẹ ti sọ ọ́ fún. Ọmọbìnrin yẹn kà á. Ẹnì kan péré ni. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti bọ́ sí irú rẹ̀ rí, báwo lẹ sì ṣe jáde? Ẹ sọ ọ́ fún wa. Ẹ máà dárúkọ ẹnikẹ́ni.