Ohun Tí A Rí Sin Lára Bọ̀dá Ràímì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn máa ń ka ọ̀rọ̀ mi láì kí mi, ẹ fa àga súnmọ́ mi. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ayétòrò níbí tí mo fẹ́ sọ fún yín. Bí mi ò bá sọ ọ́, gaàrí inú ṣọ́ọ̀bù ni n ó máa sọ ọ́ fún, gaàrí kì í sì í fèsì.

Gaàrí ni mo ń tà. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ràímì, rédíò ló ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wa kọjú síra. Ọjọ́ orí wa ò jìn síra, n kì í sì í fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀. Bọ̀dá tí mo ń pè é náà ti tó o. Àwa méjèèjì ò kàwé púpọ̀. Èmi fi tèmi sílẹ̀ níbi tí mo ti mọ owó kà, òun fi tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tí tíṣà ti ní ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n rédíò ò lé e kúrò ní kíláàsì. Ohunkóhun tó bá gbọ́ nínú rédíò tó tún ṣe, kò ní pẹ́ tó máa gbé e sọdá títì wá bá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú wóró gaàrí kan ṣoṣo nínú ọjà mi, ó gbé e lé orí ìka.

"Àbúrò mi, tí a bá gé wóró yìí sí méjì ńkọ́?"

Mo ní yóò di gaàrí méjì, kí ó sanwó.

"Tí a bá tún gé e? Tí a ń gé e lọ títí tí ojú ò rí i mọ́?"

"Yóò di lẹ́búlẹ́bú. Gbé ìka rẹ kúrò lórí ọjà mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ibì kan wà tí gígé náà máa dé, tí kò ní jẹ́ gaàrí mọ́, tí kò ní jẹ́ ẹ̀gẹ́ mọ́. Irú wóró kan náà tó wà nínú irin, nínú omi, nínú èmi alára, òun ló máa kù. Ó ní àwọn òyìnbó tilẹ̀ gbẹ́ ihò roboto kan sábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ju wóró lu wóró kí ó lè fọ́, kí wọ́n rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo bi í bóyá àwọn yẹn ò ní ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ni.

Ó tún ní òfìfo ló pọ̀ jù nínú wóró, bí ilé ńlá tí eṣinṣin kan ṣoṣo ń fò nínú rẹ̀. Mo ní kí ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí àwọn oníbàárà mi má gbọ́ pé òfìfo ni mo ń wọ̀n sínú kóńgò fún wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ ní Oníwóró, àdúgbò sì gbà á. Ó fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá wa sọ ọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sikudiráfà rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Èèkù igi ló ní. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti ń lò ó, gbogbo ibi tí ìka rẹ̀ máa ń wà ti jìn kòtò, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ọwọ́ bọ ẹ̀kọ. Mo ní kó lọ ra òmíràn, pé eléyìí ti jẹ tán.

Ó ní, "Igi tó jẹ náà, níbo ló lọ?"

"Ó ti tán nìyẹn."

"Nǹkan kì í tán, àbúrò mi. Ó máa ń ṣí lọ ni. Ọwọ́ mi gbà lára igi, igi náà gbà lára ọwọ́ mi. Bí o bá rí wóró tó wà níbí, o ò ní mọ èwo ni igi, èwo ni Ràímì."

Mo ní èwo ni kí n wá máa kí láàárọ̀ nínú méjèèjì?

Ó ní kí n kí èyí tó bá dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, ó sọdá bọ́dà lọ sí Pọ̀bẹ̀, ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ó lọ tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta epo níbẹ̀. Àyà ló dì í mú. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ. Wọ́n ń pè wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kó wọlé. Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé Mùsùlùmí ni Ràímì. Wọ́n wẹ òkú rẹ̀, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tó yẹ kí ọmọlúàbí ṣe ni wọ́n ṣe. Ta ni n ó bá jà?

Ṣùgbọ́n ní agboolé wa, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí a ò rí òkú rẹ̀ gbé wálé, wọ́n máa ń gé irun àti èékánná rẹ̀ wá. A ó wé e sí aṣọ funfun, a ó sin ín sí ilé bàbá rẹ̀. Ìgbà yẹn la tó lè sọ pé onítọ̀hún ti dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò mọ ti ilé wa. Wọn ò gé nǹkan kan.

Ẹ wá wo Màmá wa. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ní kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn ojúde, pé ọmọ àwọn ò tíì wọlé. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, tí a fẹ́ tì í, wọ́n á ní, "Ta ló wà níta tí ẹ ń tìlẹ̀kùn mọ́?" Ewúrẹ́ ń wọlé, adìẹ aládùúgbò ń wá sùn sábẹ́ àga. Èmi tí kò sí ohun tí kì í pa lẹ́rìn-ín, mo wo ewúrẹ́ yẹn títí, ẹ̀rín ò wá.

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ Pọ̀bẹ̀ gbé báàgì Bọ̀dá wá. "Padọ́ọ̀n, padọ́ọ̀n" ló ń sọ, ó ń fi Faransé tọrọ àforíjì bíi pé òun ló pa á. Mo tú báàgì náà, mo ń wá irun, kódà kó jẹ́ ẹyọ irùngbọ̀n kan. Ìyàwó ọkùnrin náà ti fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó ká a bí aṣọ tuntun. Inú rere ló fi ṣe é. Òórùn ọṣẹ nìkan ni mo gbọ́. Fìlà rẹ̀ mọ́ ju bó ṣe mọ́ lórí rẹ̀ láyé lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí a ò wá kóòmù rẹ̀ nílé. Kóòmù wo? Orí Bọ̀dá ń dán bí ìdí abọ́ tánńganran. Èékánná ńkọ́? Eyín ló fi ń gé e, bó bá ti ń ro ti wóró.

Mo ní ṣé a ò lè sin aṣọ rẹ̀. Bàbá Àkànní, olórí ẹbí wa, kọ̀. "Ara la máa ń sin nínú ilé yìí. Aṣọ, ọjà ni wọ́n ti ń rà á."

Ìsàlẹ̀ báàgì ni mo ti wá rí sikudiráfà yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìyàwó òun ò fọ èyí, kí irin rẹ̀ má baà dípẹtà. Ìdọ̀tí ọwọ́ Bọ̀dá ṣì dúdú nínú àwọn kòtò náà. Mo mú un tọ Bàbá Àkànní lọ, mo ní ara rèé.

"Irin ni mo rí."

Mo ní kí wọ́n wo èèkù rẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: pé nǹkan kì í tán, ó ń ṣí lọ ni, pé ọwọ́ gbà lára igi, igi gbà lára ọwọ́. Ohùn Oníwóró ni mo ń gbọ́ lẹ́nu ara mi. Kò sì sí lọ́ọ̀ọ́kán kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ta ló rí wóró yìí rí?"

"Èmi ò rí i o, Bàbá."

"Ìwọ fúnra rẹ gbà á gbọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá gbà á gbọ́, òun la sì fẹ́ sin.

Wọ́n ní, "Gbé e fún ẹni tó bí i."

Ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di èèkù náà mú, ìka wọn ò bá kòtò rẹ̀ mu. Wọ́n gbé e sí ọwọ́ òsì. Ìka wọn bọ́ sínú kòtò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ òsì," ni wọ́n wí. "Mo nà án títí kó lè fi ọwọ́ yìí sílẹ̀. Kò gbọ́."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bú sẹ́kún.

Bàbá Àkànní ní kí a yọ irin kúrò, pé irin kì í ṣe ọmọ àwọn. Oníwóró ì bá bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. A wé èèkù náà sí aṣọ funfun, a sin ín. Màmá jókòó sínú ilé, torí ìyá kì í wo ibojì ọmọ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n lé ewúrẹ́ síta, wọ́n sì tìlẹ̀kùn. Mo wà níta, mo gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe dún. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú.

Tíṣà kan tó máa ń ra gaàrí lọ́wọ́ mi ní Bọ̀dá lu ọ̀rọ̀ náà pọ̀ díẹ̀, pé kì í ṣe wóró kan náà ló wà nínú gbogbo nǹkan bó ṣe sọ ọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kó gaàrí rẹ̀ fún un, mo ní kó máa lọ láyọ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe yára fọ nǹkan ẹni tó lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án ná. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló wà nílé yín tó ti jìn sí ìka ẹni tí ẹ ò rí mọ́: ọmọ ọlọ ni, àga ni, àbí èèkù ọkọ́? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, n ó kà á. Mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dáa, mo lè fi yín ṣe díẹ̀.

Ní tèmi, bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, mo máa ń kí òdìkejì títì. Ó ní kí n kí èyí tó bá dáhùn. Kò tíì sí èyí tó dáhùn, ṣùgbọ́n mo ń kí i.