Agolo Ọgbà Ẹja

Bí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, n kì í sùn dáadáa. Ìyàwó mi rò pé òtútù ni. Kì í ṣe òtútù. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré lálẹ́ lẹ́yìn ilé wa ní Bàrígà máa ń kó òkúta sínú agolo mílíìkì, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n kiri. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, àyà mi á já. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lórí omi nísinsìnyí máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo kọ́ ní Ṣómólú, èmi àti omi ò sì tan rárá, nítorí Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Nígbà ayé àwọn sójà, tí ọ̀wọ́n gógó dé bá ohun gbogbo, bébà di àwátì, ọ̀gá mi sì ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa. Mo ń wáṣẹ́ kiri títí mo fi dé etí ọ̀sà ní Bàrígà. Níbẹ̀ ni Bàbá Sàídì ti gbà mí.

Iṣẹ́ Bàbá Sàídì yàtọ̀ sí ti àwọn apẹja. Ó máa ń kó àwọn tó fẹ́ gbafẹ́ sọdá ọ̀sà lọ sí etí igbó tó wà lápá àríwá. Wọ́n á fẹsẹ̀ rin inú igbó, wọ́n á pàgọ́ síbẹ̀ sùn, wọ́n á tukọ̀ gba àárín igi ẹ̀gbà tó hù sínú omi, lẹ́yìn náà a ó kó wọn padà sílé. Òyìnbó kan tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kẹ́rù kúrò ní Èkó nígbà tí nǹkan le ló fi ọkọ̀ méjì sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ bò, àfi ihò méjì lókè tí èèyàn méjì á ki ẹsẹ̀ bọ̀. Káyáàkì ni òyìnbó ń pè é. Ṣùgbọ́n nítorí bí èèyàn ṣe ń wọ̀ ọ́, ṣòkòtò ni gbogbo etí omi sọ ọ́.

“Ẹ wọ ṣòkòtò yín, ká máa lọ!” ni Bàbá Sàídì máa ń sọ fún àwọn àlejò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èmi wọ ṣòkòtò, ó dà mí sómi lójú gbogbo èèyàn. Bí mo ṣe ń wúkọ́, Bàbá Sàídì dúró tì mí.

“Ará Òkè,” ó ní, “tù ú ni mo ní kí o tù ú, n ò ní kí o mu ún.”

Bí orúkọ yẹn ṣe lẹ̀ mọ́ mi nìyẹn. Nígbà tó yá, mo mọ ọkọ̀ tù, ó wá fi mí sẹ́yìn pátápátá. Ẹni ẹ̀yìn ló ń rí i pé ẹnikẹ́ni kò já sílẹ̀. Bí ẹni iwájú bá pe, “Ẹ̀yìn ńkọ́?” ẹni ẹ̀yìn á dáhùn pé, “Ẹ̀yìn wà!” Bí ìdáhùn kò bá wá, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró.

Nínú ọyẹ́ ọdún kan, a kó èèyàn mẹ́rin lọ. Tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó wọ ṣòkòtò kan. Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí, akọ̀wé ọ́fíìsì kan ní Palmgrove, wọ èkejì pẹ̀lú mi. Àǹtí Fọlákẹ́, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní òun ò wọ ṣòkòtò ọkùnrin kankan, ó bá jókòó ti ẹrù nínú ọkọ̀ ńlá tí Bàbá Sàídì ń tù. Aláwàdà ni. Láti Bàrígà títí dé òdì kejì ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ohun tí kò sọ fún wa ni pé òun ní àìsàn ásímà, àti pé oògùn tó ń fín sí ọ̀fun ti kù díẹ̀. Ó ti wá a dé gbogbo kẹ́míìsì tó wà ní Fádèyí, kò rí i. Oògùn ń wọ́n lásìkò yẹn bí mílíìkì ṣe ń wọ́n.

Èéfín iná tí a dá síwájú àgọ́ àti eruku ọyẹ́ pa pọ̀ mú un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká padà, oògùn yẹn ti tán, bó sì ṣe ń mí, à ń gbọ́ ọ láti inú àgọ́ kejì, ó ń dún bí fèrè tó ti dí. Kùrukùru ti bo ọ̀sà. Bí mo bá na àjẹ̀ síwájú, n kì í rí ẹnu rẹ̀ dáadáa.

“Bàbá, ṣé a ò lè dúró kí kùrukùru ká ná?” Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí bèèrè.

“Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí,” Bàbá Sàídì dá a lóhùn. “Ṣé ìyẹn lè dúró?”

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ojú títì jìnnà sí ibi tí a wà, epo mọ́tò sì ti wọ́n débi pé, ká tiẹ̀ gbé Àǹtí Fọlákẹ́ dé ibẹ̀, a lè má rí mọ́tò kankan. Bàbá Sàídì ní ká jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa fẹ́ wa lẹ́yìn ọrùn, pé bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó dé Bàrígà. A so àwọn ọkọ̀ mọ́ra wọn, a gbéra.

“Ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn wà!”

Ó pẹ́ tí a ti ń tù. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dákẹ́. A kò rí oòrùn, a kò gbọ́ ìró mọ́tò, a kò gbọ́ ohùn èèyàn. Bàbá Sàídì ń yí orí sọ́tùn-ún sósì. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún pe ẹ̀yìn, mo dáhùn, ṣùgbọ́n láàárín ìpè àti ìdáhùn, èémí Àǹtí Fọlákẹ́ nìkan ni mo ń gbọ́. Ìgbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtigbọ́ ọ, mo sì tún ń bẹ̀rù pé n kò ní gbọ́ ọ mọ́.

Àjẹ̀ mi wá kan igi.

Ọgbà ẹja ni. Àwọn apẹja máa ń ri igi àti ẹ̀ka mọ́ ìsàlẹ̀ omi, ẹja á wọ àárín rẹ̀ lọ máa gbé, ẹni tó ni ín á sì dúró fún oṣù púpọ̀ kó tó fi àwọ̀n yí i ká. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọgbà ẹlòmíì, olè ni. Ebi ti mú kí olè pọ̀ lórí ọ̀sà, nítorí náà àwọn tó ni ọgbà ń so agolo tí òkúta wà nínú rẹ̀ mọ́ igi, kí wọ́n lè gbọ́. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ àwọn kan nítòsí ibẹ̀.

“Ẹ kúrò níbẹ̀!” Bàbá Sàídì kígbe. “Ẹ má fọwọ́ kàn án o!”

Mo rí agolo kan lókè igi níwájú mi.

“Bàbá,” mo ní, “ẹni tó ni agolo yìí mọ ibi tó wà. Àwa la ò mọ̀.”

Bàbá Sàídì wo Àǹtí Fọlákẹ́. Obìnrin yẹn di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ètè rẹ̀ ti ṣú, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

“Gbọ̀n ọ́n,” Bàbá Sàídì ní.

Mo gbọ̀n ọ́n. Kò sí nǹkan kan. Bàbá Sàídì ní ìgbì náà lè gbọn agolo, ẹni tó ni ín á kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ni, ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ igi tó ń kán, á dìde. A bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi olóhun tu, à ń dá a sí méjì, mo sì ń gbọn agolo lọ.

Ìbọn ró.

“Wọ́n á pa wá o!” Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí ti mú àjẹ̀. “Arákùnrin, tú okùn, jẹ́ ká sá!”

Ṣòkòtò yára, a lè sá lóòótọ́. Mo di igi mú.

“Ará Òkè, má dákẹ́,” ni Bàbá Sàídì sọ jẹ́jẹ́. “Bí o bá dákẹ́, wọ́n á kọjá wa nínú kùrukùru yìí.”

Bí mo ṣe ń gbọ̀n ọ́n ni ìbọn ń súnmọ́ wa. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń gbọ̀n ọ́n.

“A kì í ṣe olè o!” ni tọkọtaya yẹn ń ké.

“Gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀!” ohùn kan dá wọn lóhùn láti inú kùrukùru.

Ọkọ̀ kan yọ, ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀. Èyí àgbà, apẹja ará Ìlàjẹ tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà sí Bàbá Ẹ̀bùn, na ìbọn sí àyà mi.

“Nawọ́ sókè!”

Mo nawọ́ sókè. Agolo ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń dún lọ, nítorí ọwọ́ mi kò yéé gbọ̀n.

“Sọ ọ́ sílẹ̀, ṣé o fẹ́ di mí létí ni?” Ojú rẹ̀ wá kúrò lára mi. “Kí ló ṣe obìnrin yìí?”

“Èémí ò tó o mọ́,” Bàbá Sàídì ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Bàrígà là ń lọ.”

“Bàrígà? Bàrígà tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí yìí? Àárín ọ̀sà lẹ kọjú sí!”

Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó ju okùn sí wa. Láti ọgbà dé ọgbà ni ọkùnrin kejì, arákùnrin rẹ̀, ń fà wá lọ, ó ń fi àjẹ̀ kan igi kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Bàbá Ẹ̀bùn kò dákẹ́ èébú. Ó bú ìran wa, ó bú ọkọ̀ wa, ó ní irú ọkọ̀ wo ni wọ́n ń wọ̀ bí ṣòkòtò. N kò gbọ́ èébú tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé ìwòsàn kékeré kan tó súnmọ́ etí omi ni a gbé Àǹtí Fọlákẹ́ lọ. A dúró síta. Bàbá Sàídì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dorí kodò. Ó pẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó yọjú.

“Ta ló ń jẹ́ Ará Òkè níbí? Èémí obìnrin yín ti ń bọ̀ sípò. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ ti bọ́ ṣòkòtò.”

Bàbá Sàídì rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Bàbá Sàídì gé igi nínú igbó, a sì lọ tún ọgbà yẹn ṣe. Bàbá Ẹ̀bùn jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wò wá, ó ní èyí wọ́, ẹ tún un rì. Nígbà tí a parí, ó mú agolo tuntun kan, ó so ó mọ́ igi tó wà níta pátápátá, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń kọjá ti lè tó o.

“Tiyín nìyí,” ó ní. “Ẹ gbọ̀n ọ́n bí ọ̀nà bá dà rú mọ́ yín lójú. Ẹ má kán igi mi mọ́.”

Bàbá Sàídì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, èmi ni mò ń lọ níwájú báyìí. Ọmọ Bàbá Ẹ̀bùn ló ni ọgbà yẹn, agolo náà sì ti dípẹtà, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà púpọ̀. N kò tíì gbọ̀n ọ́n rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó àlejò dé ibẹ̀, mo máa ń dá ọkọ̀ dúró, mo máa ń ki ìka bọ inú rẹ̀, mo sì ń wò ó bóyá òkúta ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń pe ẹ̀yìn.