Ọjọ́ Tí Omi Fà Kúrò Nídìí Ọkọ̀ Wa

Lánàá, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ gbé àpò edé gbígbẹ kan wá fún mi ní Odode Ìdànrè níbí. Bó ṣe tú ẹnu àpò náà báyìí, òórùn edé gba gbogbo ilé ìdáná, ó tẹ̀ lé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, mo sì ní kó jọ̀wọ́, kó dì í padà. Ó rò pé edé ti bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́. Àgbà ló dé, òórùn lásán á kàn gbéni lọ síbi téèyàn ò múra láti lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má bínú bí mo bá ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n gbé e kalẹ̀.

Ọdún díẹ̀ ni ó kù kí Nàìjíríà gba òmìnira. Kòkó ló ń sọ̀rọ̀ ní Ìdànrè nígbà náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ẹní kòkó ni ẹ máa rí níwájú gbogbo ilé, àwa ọmọdé la ó sì máa fi ẹsẹ̀ yí i káàkiri kó lè gbẹ, tí atẹ́lẹsẹ̀ wa yóò máa rùn kíkan títí di ọjọ́ ìsinmi. Àpáta wà lẹ́yìn wa, àpáta wà níwájú wa. Ìyá mi àgbà kò tiẹ̀ gbà pé ìlú ti ṣí kúrò lórí òkè wá sísàlẹ̀. Títí ó fi kú, bó bá ní òun ń lọ "sílé", orí òkè ló ń wò, a ó sì ní láti rọ̀ ọ́ kó tó jókòó.

Ọ̀rẹ́ mi nígbà náà ni Títílọlá. A jọ wà ní Sítáńdáàdì Fáìfù, a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, a sì ga bákan náà débi pé Tíṣà wa máa ń fi èjìká wa kọ́ àwọn tó kù ní ohun tí "dọ́gba" jẹ́. Ọmọ Ìdànrè ni bàbá rẹ̀, ó ní oko kòkó tó pọ̀. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, láti orí omi níhà gúúsù. Ẹja ló kọ́kọ́ gbé wá tà ní ọjà wa kó tó di pé bàbá Títílọlá fẹ́ ẹ. Ìgbéyàwó náà tú nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ìyá padà sí ilé orí omi, bàbá sì mú ọmọ dání, nítorí bàbá ló lọmọ lójú gbogbo ayé wa nígbà náà. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ obìnrin náà nínú agbo ilé wọn. Títílọlá sọ fún mi lọ́jọ́ kan lábẹ́ igi ọsàn pé òun ti ń gbàgbé ojú ìyá òun. Ó ní imú rẹ̀ nìkan ló kù tóun ń rí dáadáa.

Tíṣà wa ló wá mú ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀ àfi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, máàpù kan ṣoṣo tó ti ya ló sì fi ń kọ́ wa ní jógíráfì. Ó máa ń fi ìka tọ ibi tí odò ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ òkun, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ àpáta, ẹ ò mọ nǹkan kan." Ó mú àwa márùn-ún tó ṣe dáadáa nínú ìdánwò, ó ní òun ó mú wa lọ fojú ara wa rí i. Títílọlá wà nínú wa. Tíṣà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti ẹnu àwọn ẹlẹ́ja pé a ó kọjá ní abúlé rẹ̀ lọ́jọ́ báyìí. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Èmi nìkan ni Títílọlá sọ ọ́ fún nínú àwọn ọmọ, ó sì mú mi búra.

Lọ́rí gbé wa lọ sí Okitipupa, a sùn sí kíláàsì ilé-ìwé ìjọ kan níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, lọ́rí náà ti gbé wa dé etí omi ní Igbókòdá. Awakọ̀ ní òun ó dúró dè wá títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ igi gígùn kan ló ń dúró dè wá, bàbá arúgbó kan tí apá rẹ̀ le bí okùn tí wọ́n lọ́ ló ń tù ú. Àwa ọmọ tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta láìwo ilẹ̀, ẹ wá wò wá bí a ṣe ń rákò wọ ọkọ̀. Ọmọkùnrin kan láàárín wa, tó máa ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gágun, di àkẹtẹ̀ Tíṣà mú pẹ̀lú orí tó wà nínú rẹ̀.

Omi náà fẹ̀, lẹ́yìn náà ó tín-ínrín, ó pín sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan tún pín. Igi ẹ̀gbà dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lórí gbòǹgbò ara wọn, bí obìnrin tó ká aṣọ sókè kó má baà tutù. Akàn ń sá wọ ihò. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé kò sí òkúta. A wá a títí. A ò rí òkúta kan tí a lè sọ lu omi, ọmọkùnrin yẹn sì béèrè lọ́wọ́ bàbá atukọ̀ pé kí ni wọ́n fi ń lọ ata. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àjẹ̀ sórí itan. Títílọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, gbogbo obìnrin tí a bá pàdé nínú ọkọ̀ ló ń wo imú wọn.

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn mú nígbà tí a dé abúlé àkọ́kọ́. Ilé orí òpó ni gbogbo rẹ̀, edé sì wà lórí àtẹ tí wọ́n ń fi èéfín gbẹ, òórùn rẹ̀ gba ojú omi. Baálẹ̀ wọn pè wá gòkè. A ní láti gòkè, nítorí ní Ìdànrè a kì í kọjá níwájú ilé àgbà tó pè wá, a kì í sì í dìde nídìí oúnjẹ tí wọn ò tíì kó àwo rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ Tíṣà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe tọ́ wa. Iṣu tí a gbé wá láti ilé la kọ́kọ́ fi kí wọn. Tíṣà sọ̀rọ̀, Baálẹ̀ fèsì, Tíṣà tún dúpẹ́ èsì. Oúnjẹ dé. Bàbá atukọ̀ tẹ̀ bá Tíṣà létí, mo sì wà nítòsí tí mo gbọ́: "Tíṣà, omi ò ní í pẹ́ fà o. Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ. Omi ọ̀nà abúlé tí à ń lọ yẹn kò jìn."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Tíṣà wí. "Ṣebí omi tó gbé wa wá náà ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ẹ má dá Tíṣà lẹ́bi jù. Ní tiwa, omi kì í padà sẹ́yìn. Ó ń ti orí àpáta bọ̀, ó wọ odò Ọ̀wẹnà, ó parí. Bó bá fẹ́ gbẹ, á fún wa ní oṣù méjì láti rí i pé ó ń gbẹ. Pé omi lè kún láàárọ̀, kó ti lọ lọ́sàn-án, kó tún padà dé nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó lọ sóko, ta ni yóò sọ ìyẹn fún ará Ìdànrè tí yóò gbà? Tíṣà ti kà á nínú ìwé pé òkun máa ń wú, ṣùgbọ́n ó rò pé ọ̀rọ̀ òkun nìyẹn. Bàbá atukọ̀ náà wo àkẹtẹ̀, ó wo táì ọrùn Tíṣà, ó sì padà lọ jókòó.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí. Tíṣà ní kí n ké ewì tó kọ nípa òkè Ìdànrè. Ẹnu mi dá ṣáṣá nígbà náà. Mo ké e, àwọn ará abúlé tí wọn ò rí àpáta rí yí mi ká. Bàbá kan ní ṣé wọ́n so òkúta náà mọ́lẹ̀ ni, tí kò fi yí lu ìlú. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n tún un ké. Títílọlá fa aṣọ mi lẹ́yìn. Ó ní, "Ó tó, jọ̀ọ́. Jẹ́ ká lọ." Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ ketekete, mo sì já aṣọ mi gbà, nítorí ẹnikẹ́ni ò tíì pàtẹ́wọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ké e lẹ́ẹ̀kejì. Mo ké e lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì fi ijó sí i. Nígbà tí mo parí, Títílọlá ti sọ̀kalẹ̀, ó ti jókòó sínú ọkọ̀ lóun nìkan. Ọkọ̀ náà ti lọ sísàlẹ̀ gan-an sí ibi tí a so ó mọ́.

Bàbá tukọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí a yà sí ọ̀nà omi tóóró tó lọ sí abúlé ìyá Títílọlá, gbòǹgbò igi ti yọ síta tán, ẹja kéékèèké ń fò kiri lórí ẹrẹ̀. Ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó mú ọ̀pá. A ń lọ díẹ̀díẹ̀. Abúlé náà yọ, a rí òrùlé, a rí àwọn tó dúró lórí afárá igi. Níbẹ̀ ni ìdí ọkọ̀ ti jókòó sórí ẹrẹ̀, tó kọ̀ tí kò lọ mọ́.

Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ láti orí afárá náà. Ó ń fẹsẹ̀ wọ́ ẹrẹ̀ bọ̀, ó dé orúnkún rẹ̀, ó dé itan. Bàbá atukọ̀ pariwo pé kó má bọ̀, pé ibẹ̀ jìn. Ọkùnrin méjì fà á padà. Ó dúró, ẹrẹ̀ bò ó dé ìbàdí, ó sì ń ké, "Ọma mi! Ọma mi!" Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ. Títílọlá dìde dúró nínú ọkọ̀. Ó na ọrùn, ó ń wò. Ibi tí a wà jìnnà ju kí èèyàn rí imú ẹnikẹ́ni lọ.

"Ẹ bá mi dúró," ni ó wí fún Tíṣà nígbà tó yá. "Bàbá atukọ̀ ní omi ń bọ̀ nírọ̀lẹ́."

Tíṣà bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i kó bọ́ ọ níta nìyẹn. Ó ní, "Ọmọ márùn-ún ni mo gbà lọ́wọ́ àwọn òbí yín. Ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣú bá mi lórí omi." Ó ní a ó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá fi ọ̀pá ti ọkọ̀ sẹ́yìn, a sì ń gbọ́ ohùn obìnrin náà títí a fi yí kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ò pamọ́. Ọ̀kan nínú wa ròyìn nílé, ó dé etí bàbá Títílọlá. Ó bínú, kò sì pẹ́ tó fi mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé, tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Èkó, kò sì sọ àdírẹ́sì náà fún ẹnikẹ́ni. Mo sìn ín dé ìdí lọ́rí. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sí ẹnu, awakọ̀ sì fun fèrè. Títílọlá dì mọ́ mi, ó ní kí n máa jókòó sí ààyè òun lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n má gbà á. A ò ríra mọ́ títí di òní.

Nǹkan ti yí padà. Ọ̀dà ti dé ojú ọ̀nà, ọkọ̀ orí omi wọn ti ń lo ẹ́ńjìnnì. Ọmọ-ọmọ mi kan wà ní Kánádà tó ń rí ojú ìyá rẹ̀ nínú fóònù lójoojúmọ́, tó tún ń ráhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Mo máa ń fẹ́ bá a wí, àárẹ̀ á mú mi. Omi yẹn ṣì ń wọlé, ó ṣì ń jáde ní àkókò tirẹ̀, kò sì dúró de ẹni tó ń gbàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bímọ kò tíì yí padà, ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́nà. Èmi ni mo mọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí Títílọlá lọ, obìnrin kan dé sí ilé-ìwé wa pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Kò lè lọ sí ilé ọkọ rẹ̀ àtijọ́, ìdí nìyẹn tó fi wá bá Tíṣà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ ti lọ. Nígbà tí Tíṣà sọ ọ́ tán, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó wá béèrè bóyá ọ̀rẹ́ ọmọ òun wà níbẹ̀. Tíṣà pè mí. Mo kúnlẹ̀. Imú Títílọlá ló wà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Báwo ló ṣe ga tó?"

Mo ní, "A ga bákan náà, mà."

Ó ní kí n dìde. Ó tú aṣọ kan nínú ẹrù rẹ̀, búlúù, tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé èjìká mi. Kò dé orúnkún mi. Ó wò ó, ó wò mí, mo rò pé yóò sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló rín. "Ó ti ga tó báyìí?" Ó gbé ọwọ́ lé orí mi, ó fà á wá sí àyà ara rẹ̀ láti wọ̀n ọ́n, ó tún gbé e padà. Mo fẹ́ sọ fún un nípa ewì náà. N kò lè sọ ọ́. Mo dúró, mo jẹ́ kó máa wọ̀n mí títí aago fi lù.

Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ òun. Mo ní kò tọ́pẹ́.