Losaline Tó Kọ́ Siu Ní Ìjókòó

"Siu, sọ fún bàbá ẹ kó má fi apá fà ọ́ dìde o. Apá ọmọ kì í ṣe okùn ọkọ̀."

Inú yàrá ni Losaline ti sọ ọ́, kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní erékùṣù Tongatapu. Àtọ̀gbẹ ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Maikolo àbúrò rẹ̀, bàbá Siu, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òkú Losaline ni wọ́n gbé padà.

Ní Lifuka, erékùṣù wọn ní ilẹ̀ Tonga, ọkùnrin tó ti bàlágà kì í wọ yàrá arábìnrin rẹ̀, wọn kì í sì í bára wọn ṣàwàdà. Ọmọ ni Losaline máa ń bá sọ̀rọ̀, kí bàbá ọmọ lè gbọ́.

Ẹní ló ń hun. Kò lọ́kọ. Nígbà tí wọ́n bí Siu, nọ́ọ̀sì ní wọ́n bí àìlera Dáùn mọ́ ọn, ara rẹ̀ á rọ̀, á pẹ́ kó tó jókòó, á pẹ́ kó tó rìn. Ìyàwó Maikolo lọ ká èso ní Niu Silandi. Losaline gbé ọmọ sọ́dọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, arábìnrin bàbá ló láṣẹ lórí ọmọ, ta ni yóò bá a jiyàn?

Bó bá ń hun ẹní, á da Siu dojú bolẹ̀ lórí ẹní, á máa mi ìkarahun níwájú rẹ̀.

"Gbórí sókè, ọ̀lẹ! Wo bàbá ẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró bí ẹlẹ́dẹ̀ tó gbóòórùn iṣu!"

Maikolo á fọwọ́ bo ẹnu, á lọ rẹ́rìn-ín létí òkun.

Lọ́jọ́ kan Losaline pariwo: "Siu, pe bàbá ẹ! Sọ fún un pé o ti jókòó!" Kí Maikolo tó yí dé ojú fèrèsé, ọmọ ti ṣubú. Kò rí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì wá.

"Báwo ni ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe máa ń dì í mú?"

"Mi ò mọ̀, Nọ́ọ̀sì. Mi ò wọlé rí."

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. Ọmọ Lifuka lòun náà, ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí òun náà ń yẹra fún.

"Wọlé báyìí. Kò sẹ́ni tí wàá máa yẹra fún mọ́."

Ó wọlé, ó ró ẹní gbígbó mọ́ ìdí, bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ Maikolo sí ìbàdí ọmọ, ó ní kó pa itan ọmọ méjèèjì pọ̀. Siu ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí aṣọ tútù. Ó ń wo ẹ̀yìn Maikolo, bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó bú sẹ́kún.

"Kò tíì mọ ọwọ́ ẹ ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Máa ṣe é lójoojúmọ́."

Ó ń ṣe é lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọwọ́. Siu fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣubú.

"O ti jókòó," ni Maikolo wí.

Ó dúró kí inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Siu wò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ sùn, ó kó àwọn ìlédìí sínú báàfù lẹ́yìn ilé, ó bomi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n.