Orúkọ Tí Mo Fi Sábẹ́ Àbẹ́là

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé télọ̀ lèmi Ìyá Tóyìn, ní Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Sùtánà funfun àwọn ọmọ akọrin ìjọ wa ni mo ń rán, mọ́kànlá, torí ìkórè tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo rán an tán, mo lọ̀ ọ́, mo wá gbé e kọ́ sẹ́yìn gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn tó ń kọjá lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ṣé ìgbéraga nìyẹn? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀!

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé tí mo bá gíláàsì tó ti fọ́ yángá. Wọ́n ti da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dúdú, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù, sára ògiri, sára sáínbọ́ọ̀dù, sára sùtánà mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Wọn ò mú abẹ́rẹ́ kan lọ! Máṣíìnì mi wà níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Wọ́n kàn bà á jẹ́ ni, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìlú wa. Tí nǹkan bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbà pé aláìníláárí kan ló kàn ń kọjá lọ. Wọ́n á ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Gbogbo ojú bá yí sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí Ìyá Súlíyà ti ń dín dùndú.

Òótọ́ ni pé a jà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èéfín iná rẹ̀ kó sínú léèsì oníbàárà mi, tí mo pariwo lé e lórí níṣojú àwọn stúdẹ́ǹtì. Ó ní tí èéfín bá ń dà mí láàmú, kí n lọ máa rán aṣọ mi lójú ọ̀run, níbi tí wọn kì í ti í dáná. Láti ọjọ́ náà, a ò kí ara wa mọ́.

Ìyá ẹgbẹ́ akọrin wa, àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, wá wò mí. Wọ́n ní kí n má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré o. Kí n kọ orúkọ ẹni tí mo fura sí sínú ìwé, kí n fi sábẹ́ àbẹ́là, kí n gba àdúrà ìdájọ́ lé e fún ọjọ́ méje. Mo ní mi ò ní ẹ̀rí kankan. Wọ́n ní Ọlọ́run ò bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo kọ ọ́! Orúkọ Ìyá Súlíyà àti orúkọ ìyá tó bí i. Mo mọ ìyá náà dáadáa, èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Súlíyà. Mo tan àbẹ́là náà sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbàdúrà láàárọ̀, mo ń gbà á lọ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò dúró. Mo ti pinnu pé àwọn ọmọ yẹn ò ní fi ọ́ìlì lọ síwájú pẹpẹ. Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ sí ọjà Sábó, mo ra aṣọ funfun míràn.

Nígbà tí mo ń bọ̀, ọ̀kadà gba títì kejì. Ni mo bá rí ọ́ìlì dúdú lára ògiri! Mo ní kó dúró kíá. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ni. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun náà bá a bẹ́ẹ̀, òun, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, àti ilé kéwú tó wà níwájú. Mo bi í bóyá ó mọ Ìyá Súlíyà. Ó ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ ò ní gbà gbọ́, ó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ! Tó bá jẹ́ ọ̀tá ni, ó kéré tán ó mọ̀ mí. Ẹni tó ṣe èyí ò mọ orúkọ mi, kò mọ iye ọjọ́ tí mo fi jókòó ti sùtánà wọ̀nyẹn. Ta ni mo fẹ́ wá bínú sí?

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá Ìyá Súlíyà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ògiri mi, ó ń fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kẹrosíìnì ló ń mú un," ló wí. "Omi lásán ò lè mú un."

Mo wọlé, mo mú ìwé náà wá, mo jẹ́wọ́. Ó kà á. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

"Ìyá Tóyìn, orúkọ ìyá mi náà lo kọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìyá mi tó ń wọ aṣọ tó o rán lọ sí mọ́sáláṣí ní gbogbo Jímọ̀?"

Mo bú sẹ́kún.

Ó fa ìwé náà ya. Ó ní ó dun òun wọra, òun ò ní purọ́. Ó ní òun ti mọ̀ pé òun làdúgbò máa fura sí, ìdí nìyẹn tóun fi sáré lọ bá Ààfáà kí wọ́n ṣe dùáà kí àdúrà mi má baà mú òun! Mo bi í pé kí ló wá dé tó ń fọ ògiri mi? Ó ní àwọn stúdẹ́ǹtì ń béèrè bóyá òróró tóun fi ń dín dùndú nìyẹn. Ẹ̀rín gbà mí nínú ẹkún.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ. Tí dùndú bá ti tán, Ìyá Súlíyà á wọlé wá bá mi gán etí sùtánà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọmọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá wọlé nínú aṣọ funfun. Ìyá ẹgbẹ́ akọrin bi mí pé báwo làdúrà ṣe ń lọ. Mo wí fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé mo ti dá a dúró. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Kò burú.

Mo ti fi gíláàsì míràn sí i, aṣọ sì ti wà níbẹ̀ padà. Mi ò ní kó iṣẹ́ mi pamọ́ nítorí ẹni tí mi ò mọ̀! A ò mọ ẹni tó ṣe é títí dòní, bóyá a ò sì ní mọ̀ láé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí n tún ohun tó bà jẹ́ ṣe, kí n má sì bá ẹni tó sá lọ wá orúkọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fura sí rí tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ sì jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ṣé ẹ ti lọ bẹ̀ ẹ́?