Oògùn Àyà Tí Àbúrò Mi Kò Fún Ìyá Wa

Bí àbúrò rẹ bá ń ṣe oògùn ikọ́ fée, tí ikọ́ fée sì fẹ́ pa ìyá tó bí ẹ̀yin méjèèjì, kí lo máa ṣe? Èmi bínú o. Mi ò ní í purọ́.

Gàrí ni ìyá wa ń yan ní abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà, nínú àwọn ọdún 1990. Èéfín lé wọn kúrò nídìí agbada. Nígbà tó yá, kí wọ́n rìn dé ẹ̀yìnkùlé gan-an di ogun. Oògùn àfàsáyà tó ń ti òkè òkun wá ò ṣeé rí rà déédéé, òun ni àbúrò mi obìnrin àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí oògùn ṣe ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe tiwa, oògùn lẹ́búlẹ́bú téèyàn máa fi ẹnu fà.

Hóró oògùn náà ló ń fún un ní wàhálà. Ó ní bó bá dì nínú omi kan, hóró rẹ̀ á rí bí abẹ́rẹ́, á lẹ̀ mọ́ra, ọ̀fun ló máa há sí. Bó bá dì nínú omi mìíràn, á rí pẹlẹbẹ, á sì wọ àyà lọ. Oògùn kan náà ni o!

Ìyá wa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gẹ́ kan náà ló ń di gàrí, òun náà ló ń di láfún."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Màámi!"

Nígbà ọyẹ́, ó rí hóró pẹlẹbẹ tó ń wá. Ó gbé e wálé nínú ìgò kékeré kan láti fi hàn wá. Mo ní ó yá, kó bù ú fún Màámi. Ó ní rárá, òjò ò tíì bá a, òun ò mọ ohun tí ọ̀rinrin máa sọ hóró náà dà.

"Òjò kẹ̀? Màámi ń mí gúlegúle níwájú rẹ, o ń sọ̀rọ̀ òjò! Ṣé òkúta ló wà láyà rẹ ni?"

Ó sunkún, àmọ́ kò tú ìgò náà sílẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Ó padà wá, ó jókòó sẹ́sẹ̀ Màámi. Ó ní òun fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo àwọn hóró náà, gbogbo wọn ti di abẹ́rẹ́. Ká ní Màámi ti gbára lé e ni, ọ̀fun wọn ni ì bá máa há sí báyìí. Inú mi dùn pé ọmọ ìyá mi ni.

"Ó ti bàjẹ́, Màámi. Àfi ká tún bẹ̀rẹ̀."

Ìyá wa gbọ́wọ́ lé e lórí. Wọ́n kọ́kọ́ wá èémí.

"Lọ tún un ṣe. Mo ṣì ń mí."