Ilẹ̀kùn Baba Onípẹtà

Kò sẹ́ni tí ò mọ ìtàn abẹ́rẹ́ yẹn ládùúgbò. Olùkọ́ ìṣirò kan wà lára àwọn ọ̀rẹ́ Baba Onípẹtà tí wọ́n máa ń pé jọ lọ́sàn-án Sátidé, tí wọ́n á to àwọn ọmọ-ogun tí ò ga ju àtàǹpàkò lọ sórí tábìlì, tí wọ́n á sì fi wọ́n ta ayò ogun. Baba ló ń kọ́ ìlú tí wọ́n ń jà sí: ilé-iṣẹ́ tó ti wó, páìpù, táǹkì omi. Páálí ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kùn wọ́n débi pé o ó búra pé irin tó ti dípẹtà ni. Lọ́jọ́ náà, etí táǹkì kan ya olùkọ́ ní ìka. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Olùkọ́ wo ìpẹtà, ó wo ìka, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, tòun ti táǹkì lọ́wọ́.

"Irin wo ló gé yín?"

"Òun nìyí, ẹ gbà mí!"

Nọ́ọ̀sì gbé e yẹ̀ wò, ó mi orí, ó gún olùkọ́ lábẹ́rẹ́, ó sì sáré lọ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí táǹkì já bọ́ sínú abọ́ omi, tó rọ̀ jọwọlọ, ni wọ́n tó mọ̀ pé páálí ni.

Ohun tó máa ń pa ìyàwó Baba lẹ́rìn-ín jù ni pé ogójì ọdún gbáko ni ọkọ òun fi ṣiṣẹ́ kíkun géètì àti afárá irin kí wọ́n má baà dípẹtà. Ogójì ọdún ló fi lé ìpẹtà kiri. Ó fẹ̀yìn tì tán, ó wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ pè é wọlé.

Kò sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Bí ọ̀rẹ́ kan bá gbé iṣẹ́ tirẹ̀ wá, tó ti fi ọ̀dà pupa rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀, Baba á bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Omi wo ló kan ibí?"

"Baba, ìpẹtà ṣáà ni."

"Ìpẹtà kì í ṣe ọmọ àlè, ó ní bàbá. Omi ni bàbá rẹ̀. Wá omi ná, kó o tó gbé búrọ́ọ̀ṣì."

Iyọ̀ ilé náà kò nísinmi. Baba á wọ́n ọn sára iṣẹ́, á kun ọ̀dà bò ó, tó bá gbẹ, á gbọn iyọ̀ náà dànù, ọ̀dà á sì ṣí bọ́ bíi ti irin àtijọ́.

"Iyọ̀ dà?" ni ìyàwó rẹ̀ pariwo láti ilé ìdáná lọ́jọ́ kan.

"Ó wà lórí táǹkì."

"Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Ọbẹ̀ kì í dípẹtà, Ìyá ọmọ mi."

Ọbẹ̀ títẹ́ ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í pa ìyàwó náà lẹ́rìn-ín: ilẹ̀kùn irin ẹ̀yìnkùlé, tó wà lábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti bẹ ọkọ rẹ̀ títí pé kó bá òun kùn ún láwọ̀ aró. Baba ní òun ti gbọ́. Kàkà kéwé àgbọn rọ̀, ńṣe ló ń le sí i: ìpẹtà ló ń yọ lára ilẹ̀kùn náà, díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù. Àkísà ni obìnrin náà fi ń ṣí i, kó má baà ba ọwọ́ òun jẹ́.

"Ẹ fẹ́ràn páálí jù mí lọ," ló sọ lọ́jọ́ kan, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Lọ wo ilẹ̀kùn yẹn dáadáa."

"Kí ni mo tún fẹ́ wò níbẹ̀?"

Baba rẹ́rìn-ín músẹ́, ó padà sídìí táǹkì rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sùn, kò jí mọ́, ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Nínú gbogbo ẹkún tí ìyàwó rẹ̀ sun, èyí tó ta á lára jù ni pé ohun kan péré lòun bẹ ọkùnrin yìí fún, kò sì gbọ́ tòun títí tó fi lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó pe akunlé kan wá. Akunlé fi bébà oníyanrìn ha ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

"Mọ́mì, kí lẹ ní kí n wá ṣe?"

"Ṣé o ò rí ìpẹtà ni?"

"Ìpẹtà wo? Ọ̀dà nìyí o!" Ó fi èékánná họ ọ́. Lábẹ́ rẹ̀, aró ló ń dán. "Ẹni tó kun aró yìí mọṣẹ́. Ìpele méjì ló kùn ún kó tó ya ìpẹtà lé e. Irin yìí á pẹ́ ju gbogbo wa lọ."

Obìnrin náà gbójú sókè wo òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, òjò kan ò kan ilẹ̀kùn yẹn rí. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ló ti ń gbọ́ "Omi wo ló kan ibí?" láti yàrá kejì, kò sì fìgbà kan bi ara rẹ̀.

"Ó ti kùn ún!" Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún, tí ẹkún tún fi di ẹ̀rín. "Ó gbọ́ mi! Ọkùnrin yìí gbọ́ mi, ó wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Ṣé kí n máa ha á lọ, Mọ́mì?"

"Ha á. Aró mi ni mo fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n fi ìpẹtà abẹ́ nọ́ọ̀tì tó di ilẹ̀kùn mú lókè yẹn sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tí akunlé lọ tán, ó ju àkísà sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lásán tẹ ibi tí ìpẹtà náà kù sí, ó fi í síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì wo ọwọ́ náà. Ó mọ́ tónítóní.